Ìwé Ẹ̀sùn Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Mi

Ìwé kan wà lórí tábìlì mi tí èèpo rẹ̀ ti rún, tí omi òjò sì ti ba igun rẹ̀ kan jẹ́. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ gbogbo ẹ̀sùn tí àwọn ará àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta bá mú wá síwájú ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó títì, gọ́tà, kọ́bátì (ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì), iná ojú títì àti àkìtàn. Ọdún kẹta nìyí tí wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, kì í sì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan akọ̀wé, èmi nìkan ni mo mú bírò dání. Abẹ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni ìgbìmọ̀ wa wà. Ènìyàn méje ni wá, a sì máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Bàbá Alága, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Àwọn àgbà a máa sọ pé Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba. Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni, kí ó wá bá wa jókòó lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan ibi tí a ó da yanrìn tí a kó nínú gọ́tà sí.

Bí mo bá ṣí ìwé náà sẹ́yìn, kò sí ohun tí oníròyìn kankan lè sáré wá gbọ́ níbẹ̀. Onílé kan ti fẹnu ògiri rẹ̀ jẹ títì ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Àwọn kan gbẹ́ ilẹ̀ láti fi páìpù omi gba abẹ́ títì kọjá, wọn kò sì dí i padà. Mẹkáníìkì kan ń da òkú ọ́ìlì sínú gọ́tà. Iná ojú títì kan ń tàn lọ́sàn-án gangan, ó sì ń kú lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé àdúgbò rí mọ̀ pé irú nǹkan báwọ̀nyí ni ó ń bá ènìyàn jí, tí ó sì ń bá ènìyàn sùn.

Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí mo kọ sí ojú ewé kọkànlélógún, ní oṣù Kẹfà ọdún tí ó kọjá. Ìyá kan tí ń ta láfún ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa ni ó mú un wá. Kò wulẹ̀ wá rojọ́ lásán. Àpò láfún kan ni ó gbé rù, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín wa. Nígbà tí ó tú ẹnu àpò náà, òórùn kíkan gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láfún tí ó yẹ kí ó kúnná bí àtíkè ti dì pọ̀ ní ògúlùtu-ògúlùtu, ó sì ti bu láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì àpò, níbi tí omi mu ún dé.

Ó ní, “Akọ̀wé, má wulẹ̀ kọ ọ́ síwèé o. Ẹ gbé e sílé, kí ẹ fi ro àmàlà, kí ẹ jẹ ẹ́.”

Kò sí ẹni tí ó lè rẹ́rìn-ín. Àpò mẹ́rin ni àgbàrá wọlé bá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìlú òkúta ni Abẹ́òkúta, orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́. Òkúta líle ni ó wà lábẹ́ wa, yẹ̀pẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ kò sì nípọn ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà òjò tí ó bá rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọlẹ̀. Ńṣe ni ó máa ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú gbogbo yanrìn àti pàǹtírí tí ó bá bá pàdé lójú títì tí a kò da ọ̀dà sí, títí yóò fi dé odò Ṣókòrí tí ó gba àárín ìlú kọjá, tàbí kí ó wá ọ̀nà mìíràn lọ sí odò Ògùn. Bí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà bá dí, omi kì í dúró bẹ̀bẹ̀. Yóò ya sílé ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn jù. A kò tíì gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí òjò kan ṣoṣo sọ àgbàrá di ikú fún àwọn ènìyàn ní ìlú yìí. Láti ìgbà náà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, àwọn tí ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ a máa gbé ẹrù wọn sórí àga.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bàbá Alága lọ wo kọ́bátì tí ó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ìyá náà. Bàbá ti ọ̀pá rẹ̀ bọ ẹnu kọ́bátì náà, ó sì ní kí n wọ̀n ọ́n. Nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí ó yẹ kí ó jẹ́ gíga ihò náà, bóyá ni ibi tí ó ṣófo fi ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Yanrìn ni ó pọ̀ jù, náílọ̀n omi inú ọ̀rá sì wà láàárín rẹ̀ ní ìpele-ìpele bí ẹni tẹ́ ẹní lé ẹní. Ẹnìkan nínú wa ti ń di ẹ̀bi náà ru àwọn aládìrẹ tí wọ́n wà lókè tẹ́lẹ̀, nítorí omi aró tí wọ́n ń dà nù a máa mú kí ara gọ́tà dúdú bí ẹni pé nǹkan burúkú ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Omi aró lè ba nǹkan mìíràn jẹ́, mo sì gbà pé ó yẹ kí a bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n omi aró kì í dí kọ́bátì. Ohun tí ó dí i gan-an ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ gọ́tà tí ó wọ inú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè kó o. Wọ́n rọ sílábù gbọọrọ lé e lórí, ó nípọn, kò ní irin ìdìmú kankan lára, ọkùnrin mẹ́jọ kò sì lè gbé e. Lójú tèmi, gọ́tà tí a bò mọ́lẹ̀ tí a kò lè ṣí burú ju gọ́tà tí kò ní ìdérí lọ, nítorí ojú ń rí ìdọ̀tí ti èyí tí ó ṣí sílẹ̀, ó sì ń tini lójú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ìgbà tí a fẹ́ mọ ẹni tí ó ni kọ́bátì náà. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: títì, iná ojú títì àti gọ́tà, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀ fún wọn, kíkó pàǹtírí, sísọ títì lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé. Lójú ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n títì tí ó wà láàárín ìlú kan ṣoṣo lè jẹ́ ti olówó mẹ́ta: ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, káńsù ní tirẹ̀, omi tí ń ṣàn láti orí ọ̀kan sí èkejì kò sì mọ ààlà. Kọ́bátì tiwa wà níbi tí títì àdúgbò ti já sí títì ńlá. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí a gbé lẹ́tà lọ ní kí a lọ sí èkejì. Èkejì ní kí a padà sí àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni lẹ́tà wa fi ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ọmọ tí bàbá kò jẹ́wọ́, òjò kò sì dúró dè é.

Inú bí mi gidigidi nígbà náà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ ní gbangba nípa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan nínú ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì náà fi pẹ̀lẹ́ gbé lẹ́tà mi síwájú mi, tí ó sì ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ohun tí mo kọ ni pé “kọ́bátì àdúgbò wa ti dí, omi sì ń ṣe wá léṣe púpọ̀.” Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú gbogbo kọ́bátì tí ó wà nílùú yìí, èwo nìyẹn?” N kò rí èsì fọ̀. Títì wa kò ní pátákó orúkọ, àwọn ilé mìíràn níbẹ̀ ní nọ́ńbà méjì tí ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ sí wọn lára, orúkọ tí àwa ń pe ibẹ̀ láàárín ara wa sì yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé wọn. Mo ti ń ka ẹ̀sùn lórí pátákó títì sí ọ̀rọ̀ fáàrí títí di ọjọ́ yẹn.

A tún lẹ́tà náà kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a kọ ibi tí kọ́bátì náà wà sí ìkóríta, iye ìgbésẹ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti mọ́sáláṣí, bí ó ṣe ga tó àti bí yanrìn inú rẹ̀ ṣe ga tó, ọjọ́ tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù àti iye àpò láfún tí ó bàjẹ́. A fi fọ́tò mẹ́rin sí i. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n rán ènìyàn wá wò ó, ọ̀rọ̀ pé ta ni ó ni ín sì parí lórí ìdúró, nítorí ó hàn gbangba níbi tí ẹnu kọ́bátì náà kọjú sí.

Wọ́n ṣèlérí ọkọ̀ tí yóò kó yanrìn àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Wọ́n ní kí àdúgbò wá owó irin àti iṣẹ́ wẹ́dà. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ owó dídá ni àgbàlagbà kan dìde tí ó ní òun kò ní san kọ́bọ̀, òun kò sì ní gbé ṣọ́bìrì. Àwọn ọ̀dọ́ kùn sí i, ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn dá a lẹ́bi pátápátá. Ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ títì kò fìgbà kan rọrùn nílùú yìí. Ní ọdún 1865 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ìṣàkóso Àpapọ̀ Ẹ̀gbá sílẹ̀, tí George William Johnson sì jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, owó ibodè lórí ẹrù tí ń jáde nílùú ni wọ́n sì gbára lé. Ní ọdún 1918, owó orí àti iṣẹ́ títì tí a ń fi ipá mú ènìyàn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ wà lára ohun tí ó fa Ogun Adùbí, ìyẹn ọ̀tẹ̀ àwọn Ẹ̀gbá sí ìjọba, tí àwọn ènìyàn fi hú irin rélùwéè. Bàbá Alága, tí ó jẹ iṣẹ́ rélùwéè jẹun, ni ó rán wa létí èyí, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó tún ní àwọn ènìyàn ti gbọ́ lórí rédíò pé ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó àwọn káńsù máa lọ sọ́wọ́ wọn, kò sì yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé wọ́n ń béèrè ìdí tí a tún fi ń dáwó. Ohun tí ó parí àríyànjiyàn náà ni pé a gbé ìwé kan síta: orúkọ ẹni tí ó san, iye tí ó san, ohun tí a fi rà, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Àgbàlagbà náà san tirẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Kò gbé ṣọ́bìrì.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n fọ́ sílábù gbọọrọ náà, bíríkìlà sì rọ àwọn kékeré mẹ́sàn-án dípò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irin ìdìmú méjì tí ẹni méjì lè fi gbé e. Wẹ́dà jó irin asẹ́ kan tí a gbé sẹ́nu kọ́bátì kí náílọ̀n má baà wọlé mọ́. Nínú ohun tí a kó jáde ni táyà ọ̀kadà méjì wà, ìkòkò kan tí kò fọ́ rárá, àti bàtà ọmọdé mẹ́ta tí gbogbo wọn jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì. Títí di òní, a kò mọ ibi tí ti ọ̀tún wọlẹ̀ sí.

Òjò àrọ̀kúrò dé ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì le. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, mo gbé iná tọ́ọ̀ṣì jáde lábẹ́ agboòrùn, mo sì bá Bàbá Alága tí ó ti ṣáájú mi débẹ̀, tí ó fi ọ̀rá bo orí. Omi ń ké ramúramù lábẹ́ sílábù, ó ń ṣàn bí ó ti yẹ kí ó ṣàn, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá aláfún sì gbẹ. A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá kàn fi ọ̀pá rẹ̀ gbá náílọ̀n tí ó kó jọ sẹ́nu asẹ́ kúrò.

Ní Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù náà, ìyá aláfún tún wá síwájú ìgbìmọ̀. Ó gbé abọ́ láfún kan tí ó funfun nini wá fún Bàbá Alága, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, tí ó tún gèlè rẹ̀ wé, tí ó sì ní òun ní ẹ̀sùn. Ó ní àwọn sílábù kéékèèké tí a ṣe yìí, bí ọ̀kadà bá ti gba orí wọn kọjá lóru, wọn a máa dún gbàn-ùn, gbàn-ùn, òun kì í sì í rí oorun sùn. Mo bi í léèrè pé sílábù kẹlòó ni, láti apá ìkóríta. Ó ní ìkẹrin àti ìkẹfà ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.