Kérésì ní Ìmẹ̀kọ, láìwọ bàtà

Àǹtí mi, ọmọ ìjọ Cele (Celestial Church of Christ), ló fà mí lọ ṣe Kérésì ní Ìmẹ̀kọ o. Ọmọ Áńgílíkà ni mí, nílé wa ẹ̀wẹ̀, "ẹlẹ́mìí" la máa ń pe àwọn Cele, yẹ̀yẹ́ ló sì wà ńbẹ̀. A wọkọ̀ ní Láfẹ́ńwá, a gba Ayétòrò, ká tó débẹ̀ eruku ọyẹ́ ti sọ irun mi di pupa, títì yẹn ò ṣe é ròyìn, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀.

Bá a ṣe dé ẹnu ọgbà ìjọ wọn, àǹtí ní kí n bọ́ bàtà. Ilẹ̀ gbóná! Òun ń lọ jẹ́jẹ́ nínú sùtánà funfun ẹ̀, èmi wá dà bí adìẹ tó bà lókùn. Wọ́n ní Ẹ́kísódù 3:5 ló sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ta ni ò mọ̀ nínú wa pé a kì í wọ bàtà dé iwájú ọba?

Samuel Bilewu Joseph Oshoffa tó dá ìjọ yìí sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́dún 1947, káfíńtà ni. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin ín sí ní 1985, ìlú Kétu, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn Cele ò fẹ́ gbọ́ òrìṣà sétí ṣá o, mo sọ fún àǹtí pé aṣọ funfun wọn jọ ti ọlọ́bàtálá, ojú tó fi wò mí! Aṣọ pupa àti dúdú, èèwọ̀. Ọtí, ẹlẹ́dẹ̀, èèwọ̀. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù ò gbọdọ̀ wọlé ìsìn, ìyẹn bí mi nínú, wọ́n á ní Léfítíkù ni, ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi tí ò mọ Léfítíkù rárá náà ò ní jẹ́ kó sún mọ́ oògùn.

Lóru, tùràrí ń rú, àbẹ́là ń jó, gbogbo èrò kúnlẹ̀, wọ́n fi iwájú orí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ ìgbà tí orí tèmi náà kanlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó bá pọ̀ tán, a máa tẹ orí ba díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ wò ó, bí ọkọ àbúrò mi bá dán irú ìkíni yẹn wò fún bàbá mi, wàhálà dé nìyẹn, ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ni bàbá ń retí, Ọlọ́run la wá ń mirí sí.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti gbé sílípáàsì mi lọ. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé mo rí i pé Olúwa ti gbà mí wọ ìjọ. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi dé gáréèjì.