Ọrùn Ni Tèmi

"Ẹrù kì í ṣe tèmi, ọrùn ni tèmi." Aláàárù kan ló sọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ l'Ọjà Ọba láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń tún òṣùká rẹ̀ ká. Kò bínú rárá. Bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí.

Iná wà ní láàbù, a dúpẹ́. Albumin ni mo bá ṣeré títí di ìrọ̀lẹ́. Protein kan ni: òun ló ń ru oògùn, ọ̀rá àti bilirubin (ohun aláwọ̀ ìyeyè tó ń ti ara ẹ̀jẹ̀ tó gbó wá) kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú 585 amino acid, èròjà kéékèèké tó so kọ́ra di albumin èèyàn, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní tryptophan, ní ipò 214. Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ 295 nm, èyí tí ojú kò lè rí, sí i, á tan tirẹ̀ padà. Ẹ wá kán warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sí i díẹ̀díẹ̀... ìlà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tryptophan lórí kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Warfarin ní tirẹ̀ á máa tàn ju bó ṣe ń dá tàn lọ. Ẹrù ń tàn, ẹni tó rù ú ń ṣú. Mo jókòó, mo ń wò ó.

Ṣé ó yẹ kí n máa káàánú protein? Kò lọ́rùn. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ru nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Màmá wú nítorí albumin yìí náà ni. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣe é ló rẹ̀, kò sí èyí tó pọ̀ tó láti fa omi mọ́ inú iṣan, omi wá sọ̀kalẹ̀ sẹ́sẹ̀. Àwọn tó ru gbogbo wa, kò sí ẹni tó béèrè ọrùn wọn. Èmi náà kò béèrè. Ẹsẹ̀ Màmá ti fà díẹ̀ lónìí ṣá, wọ́n sì jẹ ẹyin méjì. Inú mi dùn débi pé mo kọrin nídìí ààrò.

Ẹ̀yin ẹ wo iṣẹ́ Sudlow, Birkett àti Wade ní 1975: èròjà kéékèèké tó ń tàn ni wọ́n fi mọ̀ pé ìjókòó pàtàkì méjì ni oògùn ní lára albumin. Ó wù mí gan-an ni. Warfarin ń lọ sí ìkíní, ibuprofen, oògùn ara ríro, sábà máa ń lọ sí ìkejì. Lọ́la, màá kó àwọn méjèèjì lé e lẹ́ẹ̀kan náà, bí iná bá wà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kan á ti èkejì.