Ẹ má gbé ọmọ lé itan yín lórí siláìdì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní páàkì

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Houston níbí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ páàkì àti splash pad, ibi tí omi ti ń tú jáde láti ilẹ̀ fáwọn ọmọ láti fi ṣeré, ló wà lẹ́nu gbogbo wa báyìí. Ilé-ìwé ti gba họ́lídè, àwọn ọmọ wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, inú ilé ti sú wọn, ẹ sì ń wá ibi tẹ́ ẹ máa kó wọn lọ tí ò ní náwó. Màá sọ àwọn ibi tí mo mọ̀ tó bá yá. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ná, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tán tẹ́ ò sì ka ìyókù mọ́, kò dùn mí rárá. Ẹ má gbé ọmọ kékeré lé itan yín kẹ́ ẹ jọ yọ̀ wálẹ̀ lórí siláìdì. Mi ò ní kẹ́ ẹ rọra ṣe é o, mo ní ẹ má ṣe é rárá.

Ọjọ́ Sátidé kan ni tiwa ṣẹlẹ̀, ní páàkì kan tí ò jìnnà sílé wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí kò sí nǹkan tí páàkì yẹn ṣe. Màmá ọkọ mi wá kí wa láti Ìbàdàn, a wá ní kí wọ́n rí bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣeré níbí. A ti gbé kúlà, a ti se jollof, mo dín puff-puff, gbogbo nǹkan ló ń lọ déédéé. Èyí ẹ̀gbọ́n wà nínú omi, àwọn omi tó ń tú jáde láti ilẹ̀ yẹn, èmi ni mo ń ṣọ́ ọ. Àbúrò ẹ̀, tí ò tí ì pé ọmọ ọdún méjì, ti rí siláìdì, ó ti ń fa bàbá ẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá wọn bá gbé e gòkè, wọ́n jókòó, ó gbé e sáàárín itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn ẹ̀ mú dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá mi bú ọkọ mi o. Ó gbà pé tóun bá di ọmọ mú, ọmọ ò ní já bọ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí lẹ ti ṣe é, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ṣe é.

Mo ti yọ fóònù síta láti ya fọ́tò wọn. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín lókè. Wọ́n bá yọ̀. Wọn ò tí ì dé àárín nígbà tí bàtà ẹ̀, kámbáàsì tó ní rọ́bà nísàlẹ̀, lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ siláìdì, bàbá ẹ̀ sì tóbi, kò lè dúró, àwọn méjèèjì ń lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ dúró sẹ́yìn. Ìgbe tó ké, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu ẹ̀. Ìyá mọ ìgbe ọmọ ẹ̀, mo mọ ti ebi, mo mọ ti oorun, mo mọ ti pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, èyí ò sí nínú wọn. Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé a ò rí nǹkan kan. Kò sí ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ ò wú, kò tẹ̀. Bàbá wọn alára ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń bi mí pé "kí ló ṣe é, kí ló ṣe é?" A gbé ọmọ kalẹ̀ pé kó dúró, ó ká ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, kò jẹ́ kó kanlẹ̀. Màmá ní ẹsẹ̀ ló rọ́, wọ́n ti ń wá Robb nínú báàgì wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, gbé e wá kí n bá a wọ́ ọ, á balẹ̀." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ ọsibítù." Inú wọn ò dùn sí i, ọwọ́ wọn ti wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ tó pọ̀ lọ́jọ́ ayé wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fọwọ́ tẹ egungun yẹn ni, mi ò fẹ́ rò ó.

Ní ìmójéńsì, a jókòó, a jókòó, ọmọ ti sunkún títí ohùn ẹ̀ ti há, tó bá sùn díẹ̀ á ta jí. Nígbà tí wọ́n ya X-ray tán, dókítà wọlé, ó ní egungun ojúgun ẹ̀ ló fọ́. Egungun! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré.

Èmi rò pé ibi tó burú jù nìyẹn, àṣé kò tí ì dé. Obìnrin kan wọlé tòun ti ìwé lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, òun fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n mú bàbá wọn lọ yàrá kejì. Wọ́n bọ́ aṣọ ọmọ, wọ́n yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìdí ẹ̀ wò, wọ́n yẹ apá ẹ̀ wò. Obìnrin yìí ń bi mí pé ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ, ṣé mo fojú ara mi rí i, ṣé bàbá ẹ̀ máa ń bínú, ṣé ẹ máa ń na ọmọ nílé. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ o, kò jágbe mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo àwa tá a wá láti ilé. A ti gbọ́ ìtàn àwọn tí ìjọba gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ àga. Mo ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà mú ọkọ mi jáde, mò ń rò ó pé tí ohun tó sọ níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi díẹ̀ ńkọ́. Gbogbo ohun tí mo ti rí ní ìlú yìí, mi ò tí ì rí ìṣẹ́jú tó gùn tó ìyẹn.

Kí wọ́n tó pè wá, ẹnì kan nínú ẹbí ti fóònù pé ká sọ pé ọmọ ṣubú fúnra ẹ̀, pé ká má dárúkọ bàbá ẹ̀ rárá. Mi ò gbọ́ sí i lẹ́nu. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an náà ni bàbá wọn sọ ọ́, látorí bàtà títí dórí itan. Bí dókítà ṣe gbọ́ "siláìdì" àti "itan", ó mi orí, ó ní àwọn máa ń rí i dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé bí egungun yẹn ṣe fọ́ bá ohun tá a sọ mu. Ìgbà yẹn ni mo tó mí. Mo ti wá mọ̀ nísinsìnyí pé ní Texas, òfin ní ẹnikẹ́ni tó bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ gbọ́dọ̀ sọ, nítorí náà iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, ọmọ tí ò tí ì lè sọ ohun tó ṣe é ni wọ́n ń gbèjà. Mi ò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan.

Wọ́n di POP fún un, ó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n tú u, ó ń sáré báyìí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí tí mo bá sọ ọ́ fáwọn èèyàn wọ́n máa ń sọ pé "àwa ṣá ti ń ṣe é, nǹkan kan ò ṣe wá". Tó bá jẹ́ ọmọ nìkan ló ń yọ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá há, òun fúnra ẹ̀ á dúró ni, kò wúwo. Tó bá wà lórí itan àgbàlagbà, ẹsẹ̀ há, àgbàlagbà ò lè dúró, gbogbo ìwúwo yẹn ló ń ti ọmọ lọ, ẹsẹ̀ tó há náà á lọ́, egungun á fọ́. Bẹ́ ẹ ṣe wúwo sí ló ṣe le sí. Bẹ́ ẹ di ọmọ mú gbọn-in gbọn-in, kò ní kí ẹsẹ̀ má há. Àwọn dókítà ní University of Iowa ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n gbé e jáde ní 2017. Wọ́n fojú bù ú pé láàárín 2002 sí 2015, ọmọ tí ò tí ì pé ọdún 6 tó fara pa lórí siláìdì ní Amẹ́ríkà tó 352,698. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 36 ló jẹ́ pé egungun ló fọ́, ti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ló sì pọ̀ jù, àwọn ọmọ oṣù 12 sí 23 ni wọ́n sì rí jù láàárín wọn. Ọmọ wa gan-an nìyẹn! Ìyẹn ni pé ọmọ tá a rò pé ó kéré jù láti dá yọ̀, tá a wá gbé lé itan torí ẹ̀, òun gan-an lọ̀rọ̀ yìí ń bá.

Nítorí náà tó bá lè dá gun siláìdì kékeré, ẹ jẹ́ kó dá gùn ún, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí ò bá lè dá gùn ún, siláìdì yẹn ò tíì yẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí jángílófà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ní ìgbátí níwájú àti lẹ́yìn. Ó máa sunkún. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Tí ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó bá yín jáde bá ní "ẹ mú un wá, èmi á gbé e", ẹ ní rárá, kódà tí wọ́n bá jù yín lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ò gbọ́dọ̀ gbé e lé itan. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan siláìdì tó sì ń jó yín lọ́wọ́, á jó ọmọ nítan jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti onírin àti ti oníke náà ni, oòrùn Houston ò mọ̀ọ̀yàn.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ (kò ní ṣẹlẹ̀ lágbára Ọlọ́run), tí ọmọ ò bá ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ má dúró kó wú kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ́ ọ. Nígbà míì X-ray àkọ́kọ́ kì í fi hàn pàápàá. Tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan tí ọmọ ò sì rìn, ẹ padà lọ. Ẹ sọ òótọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní irọ́ lórí fóònù. Mo ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, mò ń tún un sọ ni.

Omi náà ní tiẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ o, àwọn ọmọ mi ṣì ń lọ. Ṣùgbọ́n omi splash pad míì, inú táńkì kan náà ló ń padà sí tó tún ń tú jáde, ìdọ̀tí ìdí ọmọ kan lè dé ẹnu ogún ọmọ. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Crypto tó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó lè wà láàyè fún ọjọ́ púpọ̀ nínú omi tí wọ́n ti fi kúlórínì, oògùn apakòkòrò, sí. CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àìsàn, ka ìgbà 60 tí àìsàn ti splash pad tàn káàkiri ní Amẹ́ríkà láàárín 1997 sí 2022, àwọn tó kó o lé ní 10,000. Nítorí náà tí ọmọ yín bá ń ṣu gbuuru, ẹ jókòó sílé, ti ọmọ ẹlòmíì lẹ ń rò. Ẹ máa yẹ páńpà wò, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀ jìnnà síbi omi. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n má mu omi yẹn, kí wọ́n má sì jókòó tàbí dojú kọ ibi tó ti ń tú sókè, torí imú. Ní 2021, ní Arlington ní Texas wa níbí, ọmọ kan kú lẹ́yìn tó ṣeré nínú splash pad, kòkòrò tó ń gba imú wọ ọpọlọ ló pa á. Kì í ṣẹlẹ̀ léraléra rárá, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ lè lọ, Discovery Green tó wà láàárín ìlú, níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá George R. Brown, wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà, àtọdún 2008 ló ti wà, ibi omi wà fáwọn ọmọ, pápá wà. Owó páàkì mọ́tò ló máa ń dunni níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá lè wọ rélùwéè METRO, ẹ wọ̀ ọ́. Levy Park náà ò gbowó, igi ńláńlá wà níbẹ̀ tó ń ṣíji bolẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù tí oòrùn bá mú. Hermann Park ní rélùwéè kékeré tí ẹ máa sanwó fún, àwọn màmá wa máa ń gbádùn ẹ̀, Màmá ti ní a gbọ́dọ̀ gbé àwọn wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó padà sílé. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, ẹ ti kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìbéèrè kan ló kù lọ́dọ̀ mi. Ta ló mọ páàkì lápá Alief tàbí Missouri City tó ní siláìdì kúkurú tí ọmọ ọdún méjì lè dá gùn, tó sì ní ibòji? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, ọmọ yìí ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa bàbá ẹ̀ lọ́wọ́.