Ta ló di fáìlì yìí mú?

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Iná ò tíì dé, bátìrì kọ̀ǹpútà mi sì ti ń lọ sópin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ Ajé ni Màmá Akápò ti ń pè mí. Ètò kékeré tí mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ fún ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wọn ló ń ṣe ségesège. Iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀: ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, á yọjú sínú fódà kan, á ka fáìlì Excel tó bá bá níbẹ̀, á ro owó inú rẹ̀ pọ̀, á wá kó fáìlì náà lọ sí fódà àwọn tó ti parí. Kíkà ń lọ geere. Kíkó ni wàhálà. Nígbà mìíràn á gbà, nígbà mìíràn á kọ̀ jálẹ̀, á gbé WinError 32 jáde, pé ètò mìíràn ń lo fáìlì náà lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí tún ti há o. Mo ti pa á, mo ti tàn án."

"Ẹ má bínú, mà. Mò ń bọ̀."

Pípa àti títàn yẹn gan-an ló fi ọjọ́ méjì mi ṣòfò. Bí ètò kan bá ti kú, Windows á gba gbogbo fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí á lọ, ọkàn mi á balẹ̀, ó di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mo débẹ̀ lónìí, mo ní kí ẹnikẹ́ni má pa nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá "ètò mìíràn" náà. Excel ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí ó lè sápamọ́ láìsí fèrèsé kankan lójú. Mo wo Task Manager, tó ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò sí níbẹ̀. Mo pa ojú ibi tí Explorer ti ń fi inú fáìlì hàn lápá ọ̀tún, torí òun náà máa ń di fáìlì mú. Pàbó. Mo dẹ́bi fún antivirus (kì í pẹ́ kí n tó dẹ́bi fún un). Ìgbẹ̀yìn ni mo ṣí Resource Monitor, mo bọ́ sí táábù CPU, mo tẹ orúkọ fáìlì sí àyè ìwákiri Associated Handles, tó ń fi ètò tó di fáìlì mú hàn. Orúkọ kan péré ló jáde: python.exe.

Èmi ni! Èmi tí mo fẹ́ gbé fáìlì náà kúrò ni mo tún dì í mú.

Openpyxl, àkójọ kóòdù Python fún fáìlì Excel, ni mo fi ń kà á, mo sì fi read_only=True sí i kí fáìlì ńlá má baà jẹ gbogbo mẹ́mórì. Báyìí, díẹ̀díẹ̀ ló ń kà á, kò sì ní fi fáìlì sílẹ̀ àfi tí a bá pe close(), àṣẹ tó ń ti fáìlì. Mi ò pè é. Mo rò pé bí iṣẹ́ bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wu agbálẹ̀ inú Python ló ń wá kó irú ìyókù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbà lẹ́ẹ̀kan tó ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lórí Ubuntu, irú Linux kan tí kì í ṣe Windows, tí mo ti dán an wò nílé, mi ò rí àṣìṣe kankan, nítorí Linux gbà kí èèyàn gbé fáìlì tó ṣì wà ní ṣíṣí, kódà kó pa á rẹ́. Mo ti yangàn nígbà náà.

Mo fi wb.close() sábẹ́ finally, apá tí Python máa ń ṣe yálà àṣìṣe wà tàbí kò sí, kó lè tì í bí kíkà bá tilẹ̀ já láàárín. Mo ju fáìlì ogún sínú fódà náà. Gbogbo wọn kọjá.

Màmá bèèrè ohun tó ṣe é. Mo ṣàlàyé.

"Bí ẹni tó so owó mọ́ etí ìró, tó wá ń tú gbogbo ilé," ni wọ́n wí. Wọ́n bu ẹ̀pà sísè fún mi.

Ètò mẹ́ta mìíràn wà tí mo kọ lọ́nà kan náà. Lọ́la ni màá ṣí wọn wò.