Ìwé kékeré tí mo fi wádìí òróró igbó

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ ìrora nǹkan oṣù ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, kí n tó mọ orúkọ àìsàn mi. Ìyá mi a se àgbo fún mi, wọn a ní bí mo bá bímọ, á lọ. Mo bímọ, kò lọ. Nọ́ọ̀sì kan ní gbogbo obìnrin ló ń rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Faransé ló pè mí: "Àbúrò mi, òróró kan wà níbí, CBD lorúkọ rẹ̀. Ara igbó tí wọ́n ń mu ni wọ́n ti ń yọ ọ́, àwọn obìnrin sì ń lò ó fún inú rírun." Àyà mi já. Lóòótọ́, THC, èròjà mìíràn nínú igbó, ló máa ń pa èèyàn bí ọtí, ti CBD kò rí bẹ́ẹ̀. Faransé sì gbà á láyè bí THC inú igbó náà kò bá ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n òfin Faransé kì í bá ẹrù wọ Kétu, Bẹ̀nẹ̀ sì ka igbó léèwọ̀.

Mo ń kàwé lórí fóònù lóru. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn CBD. Mo kà á dópin: Epidiolex ni, ọdún 2018, fún àwọn irú wárápá kan. Kò sí ọ̀rọ̀ ilé ọmọ níbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní wọ́n ti fọwọ́ sí oògùn, ẹ bi wọ́n pé àìsàn wo.

Púpọ̀ nínú ìwádìí tí mo rí lórí inú rírun, ìbéèrè ni wọ́n bi àwọn obìnrin, bí ti Australia, tàbí kó jẹ́ èkúté ni wọ́n dán an wò lára rẹ̀. Mi ò ní àwọn obìnrin náà purọ́ o. Mo mọ bí ìrora yẹn ṣe ń ṣeni. Àmọ́ mo ra ìwé kékeré kan, mo sì fi oṣù mẹ́rin kọ wákàtí tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, bó ṣe le tó àti ohun tí mo lò. Ọjọ́ kìíní ló máa ń le jù. Tó bá di ọjọ́ kẹta, a rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, mo lo oògùn, mi ò lo oògùn. Ká ní mo lá òróró yẹn lọ́jọ́ kejì, òun ni mi ò bá máa yìn! Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ìwádìí gidi fi máa ń fún àwọn kan ní oògùn, tí í fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, láìjẹ́ kí ẹnì kankan mọ èyí tó kan òun.

Ìwé yẹn ni mo gbé lọ fún dókítà obìnrin kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Wọ́n kà á tán, wọ́n bi mí bóyá ó ń dùn mí bí mo bá ń yàgbẹ́ tàbí tí èmi àti ọkọ mi bá wà pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ya àwòrán inú mi: endometriosis. Ẹran tó jọ èyí tó tẹ́ inú ilé ọmọ ló ń hù síta ilé ọmọ.

Mo sọ ti òróró náà fún wọn, mi ò fi pa mọ́. Wọ́n ní mo ṣeun tí mi ò tíì lò ó, torí mò ń fọ́mọ lọ́yàn, THC díẹ̀ tó lè wà nínú òróró náà sì máa ń bá wàrà dé ẹnu ọmọ. CBD náà lè da ẹ̀dọ̀ láàmú, ó sì lè mú kí oògùn mìíràn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, bíi warfarin tí í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má dì.

Àbúrò mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Lóṣù tó kọjá mo rí i tó di inú mú lórí ẹní. Mo ra ìwé kékeré tirẹ̀ fún un lọ́jà.