Ẹ má ka àpapọ̀ máàkì nìkan: yíyan ohun tí yóò gbé ihò abẹ́lẹ̀ ró

Ẹni tí ó ń kọ́ afárá mọ irú irin tí òun fẹ́ lò, ó sì mọ bí agbára rẹ̀ ti tó kí ó tó rà á. Ẹni tí ó ń gbẹ́ ihò la inú òkè kọjá kò ní irú àǹfààní yìí, nítorí pé àpáta tí ó bá níbẹ̀ ni yóò lò, ohun tí ojú rẹ̀ sì lè tó nínú àpáta náà kò ju ibi tí iṣẹ́ dé lọ. Síbẹ̀, gbàrà tí ẹ̀tù bá ti fọ́ apá kan tí wọ́n sì ti kó àfọ́kù rẹ̀ kúrò, ó ní láti sọ bí ọ̀pá irin tí a óò gún wọ inú àjà yóò ti gùn tó, bí kọnkéré tí a óò fi ẹ̀rọ fín sí i lára yóò ti nípọn tó, àti bóyá ibẹ̀ ń fẹ́ férémù irin pẹ̀lú. Fífún àpáta ní máàkì ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń gbà ṣe ìpinnu yìí. Mo fẹ́ràn ọ̀nà náà gidigidi, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ìwé iṣẹ́ tí wọ́n kọ àpapọ̀ máàkì sí, tí wọn kò kọ àwọn ohun tí wọ́n rò pọ̀ kí ó tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ohun tí a rò pọ̀ yẹn gan-an ni ìdí tí àpáta fi lè wó wà.

Kì í sábà jẹ́ pé àpáta fúnra rẹ̀ ni kò lágbára. Èyí tí ó le ju kọnkéré lọ lè já lulẹ̀ bí ojú sísán bá ti pín in sí ègé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́: ibi tí àpáta ti sán ni omi ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni amọ̀ ń gbára jọ sí, ibẹ̀ náà ni ègé àpáta yóò sì ti yọ̀ nígbà tí a bá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà Karl Terzaghi ro èyí mọ́ ọn nígbà tí ó gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1946 fún ṣíṣírò ẹrù àpáta tí férémù irin yóò gbé. Ní 1958, ẹnjiníà Lauffer so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àkókò: bí ibi tí a kò tíì gbé ró bá ṣe fẹ̀ sí i ni àkókò tí ó lè dá dúró ń kúrú sí i.

Ẹnjiníà Don Deere ni ó gbé RQD (Rock Quality Designation, ìwọ̀n bí àpáta ti wà ní odidi tó) kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. A ó tẹ́ ìtì àpáta tí ẹ̀rọ gbé jáde láti inú ihò tí ó lù, a ó wọn gbogbo ègé tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó sì wo ìdá tí wọ́n jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo gígùn ibi tí a lù. Ó rọrùn, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Bí àpáta kan bá sán ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 9, RQD rẹ̀ di òdo. Bí òmíràn bá sán ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 11, tirẹ̀ di 100, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ. Bí ihò tí a lù bá sì bá ojú sísán rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dípò kí ó dá a kọjá, àwọn ìtì gígùn ni yóò máa jáde, tí ẹni tí ó ń wò wọ́n yóò sì rò pé àpáta náà kò lábùkù. (Èyí tí ẹ̀rọ tàbí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá ṣẹ́ kò yẹ ní kíkà mọ́ sísán, ojú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ máa ń mọ́, kò ní àbàwọ́n omi tàbí amọ̀ lára.)

Ẹnjiníà Bieniawski gbé RMR (Rock Mass Rating, àpapọ̀ máàkì tí a ń fún àpáta) jáde ní 1973, ó sì tún un ṣe ní 1989. Agbára àpáta fúnra rẹ̀ lè gba máàkì 15, RQD 20, bí sísán ṣe jìnnà síra wọn 20, ipò tí ojú sísán wà 30, omi 15. Lẹ́yìn èyí ni a ó yọ máàkì kúrò, tí ó lè tó 12 nínú ihò abẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí sísán náà bá ṣe kọjú sí ihò tí a ń gbẹ́. Fún ihò tí ó fẹ̀ tó mítà 10, tí a fi ẹ̀tù gbẹ́, tí máàkì rẹ̀ bọ́ sí àárín 41 àti 60, tábìlì rẹ̀ ní kí a lo ọ̀pá irin tí ó gùn ní mítà 4, kí àlàfo wọn jẹ́ mítà 1.5 sí 2, kí a fi àwọ̀n wáyà sí àjà, kí kọnkéré fífín jẹ́ mìlímítà 50 sí 100 ní àjà àti 30 ní ẹ̀gbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpáta méjì. Ti àkọ́kọ́ le, ó gba 12 fún agbára, 13 fún RQD, 10 fún jíjìnnà sísán, ṣùgbọ́n ojú sísán rẹ̀ ń dán, amọ̀ sì wà láàárín rẹ̀, nítorí náà ó gba 10 péré nínú 30. Ó gbẹ táútáú, ó gba 15 fún omi, sísán rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí kò dára, a yọ 10 kúrò. Ó ku 50. Ti èkejì rọ̀, 2 ni agbára rẹ̀ mú wá, ṣùgbọ́n RQD fún un ní 17, jíjìnnà sísán 10, ojú sísán tí ó hunjọ fún un ní 20. Omi ń kán níbẹ̀, ó gba 4, a yọ 2 fún ìkọjúsí. Ó ku 51. Tábìlì kan náà ni ó dá àwọn méjèèjì lóhùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Níti àkọ́kọ́, odidi ègé ńlá ni yóò yọ̀ lórí amọ̀ tí yóò já bọ́. Ọ̀pá irin tí ó dá ojú sísán yẹn kọjá, tí ó sì wọ inú àpáta gidi lẹ́yìn rẹ̀, ni yóò dá a dúró, ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ apá ibi tí a ó gún un sí kí a tó sọ̀rọ̀ gígùn rẹ̀. Níti èkejì, ara àpáta náà ni yóò máa rẹ̀, tí yóò sì máa já díẹ̀díẹ̀. Kọnkéré tí a fín kíá àti ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde ni ó ń fẹ́, kí omi má baà gbára jọ sẹ́yìn kọnkéré náà.

Q, ọ̀nà mìíràn láti fún àpáta ní máàkì, tí Barton, Lien àti Lunde gbé jáde ní Nọ́wè ní 1974, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìkìlọ̀ yìí fúnra rẹ̀, nítorí pé ìpín mẹ́ta ni ó ní, a sì ń fi wọ́n lọ́po ara wọn: bí ègé àpáta ti tóbi tó, bí ojú sísán ti lè di ara wọn mú tó, àti ipa omi pẹ̀lú ìfúnpá òkè. Bí RQD bá jẹ́ 75 tí sísán sì jẹ́ oríṣi mẹ́ta, ìpín kìíní jẹ́ 75 tí a fi 9, nọ́ńbà tí tábìlì Q fún oríṣi mẹ́ta, pín, ìyẹn 8.3. Bí ojú sísán bá hunjọ, tí ara rẹ̀ kò yí padà ju díẹ̀ lọ, ìpín kejì jẹ́ 1.5 tí a fi 2 pín, láti inú tábìlì kan náà. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tí ìfúnpá sì wà ní ìwọ̀n àárín, ìpín kẹta jẹ́ 1, Q sì jẹ́ 6.25. Ẹ wá jẹ́ kí ojú sísán kan náà máa dán, kí amọ̀ tí ń rọ̀ bò ó, kí omi sì máa wọlé ní ìwọ̀n àárín: 8.3 kò yí padà, ṣùgbọ́n Q ti bọ́ sí 1.4. Fún ihò ojú ọ̀nà ńlá, fífẹ̀ tí ó lè wà láìsí ìgbéró yóò sún láti nǹkan bíi mítà 4 sí nǹkan bíi 2. Ìtì àpáta inú àpótí kò ní fi gbogbo èyí hàn fún ẹni tí ó ń ka RQD nìkan. Oríṣi sísán tí ó burú jù fún àjà ni ó yẹ kí a fi ṣe ìpín kejì yìí, kì í ṣe àárín gbogbo wọn.

RMR kò ka ìfúnpá òkè rárá, Q kò sì fún ìkọjúsí sísán ní máàkì tirẹ̀. RMR kò ní sọ fún wa pé amọ̀ kan máa ń wú bí omi bá kàn án, débi tí yóò fi máa ti kọnkéré, Q sì lè kà á kìkì bí a bá ti mọ̀ pé irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. A ní láti mú amọ̀ náà lọ sí ibi àyẹ̀wò. Nítorí náà ni mo ṣe ń fẹ́ kí a ṣírò méjèèjì níbi kan náà, kí a sì kọ ibi tí máàkì kọ̀ọ̀kan lè lọ sókè àti ibi tí ó lè já sí dípò iye kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn tí ọ̀pá irin àti kọnkéré bá ti wọlé, a ó kan àmì mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti àjà, a ó sì máa wọn bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ ara wọn. Bí ìsúnmọ́ náà bá ń dín kù lójoojúmọ́, ìgbéró náà ti mú. Bí kò bá dín kù, a ó fi kún un lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí tábìlì sọ. Ìwé ìdíwọ̀n yìí àti ìwé máàkì, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a rò pọ̀ níbẹ̀, ni ó yẹ kí a dì pọ̀, kí ẹni tí yóò gbẹ́ ihò kejì gba inú òkè kan náà lè mọ irú ìgbéró tí ó mú níbẹ̀.