Obìnrin bí ọkùnrin: ìyìn tó di ẹrù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí níbi iṣẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń darí òṣìṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi kí n tó dé ipò. Àṣìṣe ni mo fi kọ́ ọ, ẹlòmíràn ló sì san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ní ọdún kẹta tí mo di ọ̀gá, obìnrin kan wà lábẹ́ mi tí mo fẹ́ràn gan-an. Iṣẹ́ tí mo bá gbé fún un, kò sí èyí tó dá padà rí. Ó bímọ, ó lo ìsinmi rẹ̀, ó padà dé, mi ò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Mo pè é ní obìnrin bí ọkùnrin níwájú gbogbo ènìyàn, mo ní kí àwọn yòókù máa wò ó ṣe. Inú mi dùn sí ara mi pé mo mọ bí a ṣe ń yin òṣìṣẹ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó gbé lẹ́tà sórí tábìlì mi, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo bi í pé ṣé owó ni. Ó ní rárá, mà. Ṣé ẹnì kan ló ṣẹ̀ ẹ́? Rárá, mà. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ó tó ọdún méjì kí a tó tún jókòó pa pọ̀, tó wá sọ tinú rẹ̀. Oorun ti dá lójú rẹ̀ nígbà náà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì ló ti máa ń sunkún, á ṣí omi ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Mà, ẹ ti pè mí ní obìnrin bí ọkùnrin. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ fún yín pé ó ti rẹ̀ mí?"

Mo bi í pé kí ni mi ò bá ti ṣe tí kò fi ní lọ. Mo rò pé yóò to nǹkan rẹpẹtẹ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló dárúkọ: ìpàdé Ọjọ́rú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í sì í tètè parí, bẹ́ẹ̀ àsìkò yẹn gan-an ni ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ máa ń lọ sílé. Láti ọjọ́ Ajé ni àyà rẹ̀ á ti máa já.

Mi ò mọ ìdí tí ìpàdé yẹn fi wà ní aago márùn-ún. Bí mo ṣe bá a ni mo ṣe ń bá a lọ.

Àtìgbà náà ni mo ti ń fi etí mìíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ níbi iṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe ni kí wọ́n pe ẹnì kan wá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá, tí í ṣe ọjọ́ ìlera ọpọlọ lágbàáyé, kí ó kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe máa mí kanlẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, kí a kọ́kọ́ gbé díẹ̀ kúrò níbẹ̀ ná. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Lágbàáyé fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, ICD-11, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n pe àárẹ̀ iṣẹ́ tó wọnú egungun, wọn ò pè é ní àìsàn. Wàhálà iṣẹ́ tó pẹ́, tí a ò bójú tó, ló ń fà á. Àmì mẹ́ta ni wọ́n kọ sílẹ̀: okun inú á tán, iṣẹ́ á sú ènìyàn dé ibi tí kò ní bìkítà mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní mú nǹkan jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àjọ náà gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 lórí ìlera ọpọlọ níbi iṣẹ́, títún bí a ṣe ṣètò iṣẹ́ ṣe àti kíkọ́ àwọn ọ̀gá lẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tí wọ́n dámọ̀ràn. Bí àwọn tó di àpò owó mú níbi iṣẹ́ yín bá ní ọ̀rọ̀ ojú àánú lásán ni, ẹ sọ fún wọn pé àjọ yìí àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, ti ṣírò rẹ̀: ọjọ́ iṣẹ́ bílíọ̀nù 12 ni ìsoríkọ́ àti àníyàn ń jẹ mọ́ ayé lọ́wọ́ lọ́dọọdún, owó rẹ̀ sì tó tírílíọ̀nù kan dọ́là. Ìsoríkọ́ yìí kan náà, ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Kí ló dé tó fi wọ́pọ̀ lára wọn? Omi inú ara tí wọ́n ń pè ní họ́mónù wà níbẹ̀, ìwà ipá wà níbẹ̀, owó oṣù tó kéré wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀gá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ni mo fẹ́ dúró lé. Mo ra ìwé kékeré kan, mo sì fi oṣù kan gbáko kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe àwọn iṣẹ́ tí kò lórúkọ sílẹ̀. Ta ló ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé? Ta ló ń mú ẹni tuntun káàkiri? Bí oníbàárà bá ń pariwo lórí fóònù, ta la máa ń sún un sí pé kó lọ pẹ̀tù sí i? Bí ẹnì kan bá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ta ló ń kó owó jọ? Ojú tì mí nígbà tí mo kà á tán. Àwọn obìnrin mẹ́rin kan náà ni. Mi ò sì rántí pé mo fi ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí gbé ẹnikẹ́ni ga rí. Iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò, tí kò ní èrè, tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́ la ó máa pè ní onígbèéraga. Bí wọ́n bá tún délé, òmíràn ń dúró: ILO sọ ní ọdún 2018 pé nínú gbogbo wákàtí tí ayé ń lò fún iṣẹ́ ìtọ́jú tí a kì í sanwó fún, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àti díẹ̀ lé, ọwọ́ obìnrin ló wà.

Ojútùú rẹ̀ kò le. A pín in ní àyípo, tọkùnrin tobìnrin, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀gbẹ́ni kan rojú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun ò mọ àkọsílẹ̀ kọ. Ó ti wá mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Ọ̀rọ̀ ara náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń ti ẹ̀yin ọkùnrin lójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní endometriosis: ẹran ara tó jọ ti inú ilé ọmọ á máa hù sí ìta rẹ̀, ìrora rẹ̀ nígbà nǹkan oṣù lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ó tó ẹnì kan tó ní in. Ẹni tí irú ìrora bẹ́ẹ̀ ń mú lóṣooṣù, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń sọ pé ọ̀lẹ ni, ọkàn rẹ̀ á bù. Ti àwọn àgbà obìnrin tilẹ̀ ṣòroó rí jù. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù sábà máa ń dúró, kó sì tó dúró, ooru òjijì á máa mú wọn, oorun á máa já, ọ̀rọ̀ á máa bọ́ lórí ahọ́n. Mo ti mú kálàmù láti kọ ọ́ nípa obìnrin kan pé kò pọkàn pọ̀ mọ́, lẹ́yìn ọdún méjìlá tó fi ṣiṣẹ́ láìlábàwọ́n. Ẹlòmíràn ló tọ́ mi sọ́nà. Àga tó sún mọ́ fèrèsé àti ìdajì wákàtí tó lè fi pẹ́ dé láàárọ̀ tí oorun kò bá kùn ún lóru, ohun tó nílò nìyẹn.

Ẹni tó bá ti ìbímọ dé ńkọ́? Ẹ fi ojú sí i dáadáa. Lẹ́yìn tí obìnrin bá bímọ, ó wọ́pọ̀ kí ẹkún máa gbọ̀n ọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, á sì lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìsoríkọ́ lẹ́yìn ìbímọ yàtọ̀ sí ìyẹn: ó ń pẹ́, ó ń jinlẹ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà láàárín ọdún àkọ́kọ́. Èyí ló ṣì mí lọ́nà. Mo rò pé ẹni tó bá ti lè padà síbi iṣẹ́ ti bọ́ nínú ewu, láìmọ̀ pé ìgbà tó padà gan-an ni tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní ìbéèrè mẹ́wàá kan láti ìlú Edinburgh ní Scotland, láti ọdún 1987, tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má lọ gbé e fún òṣìṣẹ́ yín o! Ọ̀gá kì í ṣe dókítà. Tiyín ni kí ìpadàbọ̀ náà má jẹ́ òjijì: kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí yàrá kan wà tó ní kọ́kọ́rọ́ níbi tó ti lè fún wàrà ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kó má jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àdéhùn 183 tí ILO ṣe ní ọdún 2000 ní kí ìsinmi ìbímọ má dín sí ọ̀sẹ̀ 14, kí wọ́n sì máa fún ìyá ní àkókò láti fún ọmọ lọ́mú. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i. Ẹ ka ohun tí òfin tiyín sọ kí òṣìṣẹ́ tó bi yín.

Bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ni mo pẹ́ jù lọ kí n tó mọ̀. "Ṣé dáadáa ni?" kì í ṣe ìbéèrè. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀: dáadáa ni, a dúpẹ́. Ọ̀gá tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kàn kíni ni, ó sì tọ́ kó kíni, ṣùgbọ́n kó má lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti bi òṣìṣẹ́ òun. Èyí tí mo ń lò báyìí ni pé, "Nínú iṣẹ́ mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ ẹ yìí, èwo ni kí n gbé kúrò, èwo la lè sún síwájú?" Ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ á lè sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìbéèrè yẹn kò ní kó jẹ́wọ́ ohunkóhun. Bí ó bá sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dákẹ́. Ẹ má sọ pé ẹ̀yin náà bí mẹ́ta tẹ́ ẹ sì ń ṣiṣẹ́. Èmi ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì rí bí ojú ẹni náà ṣe pa dé mọ́ mi. Ẹ má sì ṣe ìpinnu fún un pé, nítorí ọmọ ọwọ́, ẹ ti gba iṣẹ́ ńlá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn náà máa ń dun ọkàn. Òun ni kó yàn.

Ohun tó bá sọ, ibẹ̀ ni kó kú sí. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n rọra máa ṣe sí i, inú rere ni mo fi ṣe é, kò sì bá mi sọ òtítọ́ mọ́ láé.

Bí ọkùnrin kan bá ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ obìnrin lẹ́nu níbi iṣẹ́, ẹ má ṣe gbé e lọ sábẹ́ ìlera ọpọlọ. Ìwà àìtọ́ nìyẹn, Àdéhùn 190 tí ILO ṣe ní ọdún 2019 sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń hùwà náà ni kí ẹ dojú kọ, kì í ṣe kí ẹ gba obìnrin nímọ̀ràn pé kó lọ sinmi.

Bí ẹnì kan bá sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ayé ti sú u, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní gbé èrò yẹn sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ pe oníṣègùn àti ẹni tó bá fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí iṣẹ́ yòókù dúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré nirú rẹ̀ ti kàn mí. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mo béèrè, ó dáhùn.

Ìpàdé wa ti bọ́ sí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ti èmi alára ló kù. Títí di ọdún tó kọjá, mo ṣì ń dá àwọn òṣìṣẹ́ mi lóhùn ní aago mọ́kànlá òru, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí mò ń tọ́ sọ́nà tó bi mí pé, "Mà, ṣé àwa náà gbọ́dọ̀ máa dáhùn ní aago yẹn?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ò tíì sọ fún wa bẹ́ẹ̀ rí."